Ẹni Tó Ń Mú Calandra Jáde

Ọkọ̀ Calandra tí Vainer Bergonzini wà láyé rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún kan ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, kò sì sí ẹyọ kan nínú wọn tó wà lọ síwájú. Ẹ̀yìn ló wa gbogbo wọn sí. Ogójì mítà ni fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ náà dé géètì. Learco Tondelli, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó mọ ìṣirò, jókòó lọ́jọ́ kan nílé ọtí tó wà ní gbàgede ìlú Castel Frassine ní Ítálì, ó kó gbogbo ogójì mítà yẹn jọ, ó ní Vainer ti fi ẹ̀yìn rìn láti ilé dé Bologna, ó sì ti dé ibi tí wọ́n ti ń wá àyè tí wọ́n máa gbé ọkọ̀ sí.

Calandra, tí wọ́n fi orúkọ ẹyẹ kan tó ń kọrin lókè pápá sọ, kì í ṣe ọkọ̀ tí èèyàn ń wo ẹ̀yìn nínú rẹ̀. Àwọn tó ya àwòrán rẹ̀ kò rò pé ẹni tó bá rà á máa fẹ́ mọ ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Lójú tiwọn, kò sí ohun tó lè máa bọ̀. Ó ga dé ìbàdí èèyàn, ó fẹ̀ bí ibùsùn tọkọtaya, fèrèsé ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì tóbi ju àpòòwé lẹ́tà lọ. Ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Òkè ló ń ṣí sí, bí apá adìyẹ tó fẹ́ fò tó tún wá rò ó wò. Ẹni tó bá fẹ́ wà á sẹ́yìn á gbé ilẹ̀kùn sókè, á kúrò lórí ìjókòó, á jókòó sórí etí ọkọ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, ẹsẹ̀ á wà nínú, orí àti èjìká á wà níta, ọwọ́ kan á di sítíárìn mú, á wá máa wo ẹ̀yìn bí ẹni tó ń retí lẹ́tà.

Ṣọ́ọ̀bù náà gùn, ó há, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló ní. Ẹ́ńjìnì Calandra wà lẹ́yìn ìjókòó, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé e sínú ọkọ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, nítorí náà gbogbo ọkọ̀ tó bá parí, ìdí ló kọ sí ìta. Nínú ọgbà, kànga wà lápá òsì, igi wọ́núùtì wà lápá ọ̀tún. Kí Vainer tó dé, àwọn tó gbọ́n jù ú lọ ti gbá kànga náà lẹ́ẹ̀mẹta. Gbálẹ̀gbálẹ̀ ni Vainer nígbà yẹn, ọmọ ọdún méjìlélógún. Ṣùgbọ́n láti kékeré ló ti ń fi katakata bàbá rẹ̀ ti kẹ̀kẹ́ ẹrù méjì tí wọ́n so mọ́ra, tó kún fún gbòǹgbò funfun tí wọ́n fi ń ṣe ṣúgà, sẹ́yìn wọ abà. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun gbìyànjú. Ó gba àárín kànga àti igi kọjá, kò sì wo ibi méjèèjì lẹ́ẹ̀mejì. Láti ọjọ́ náà, wọ́n gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ará ṣọ́ọ̀bù sọ ọ́ ní Gambero, ìyẹn edé odò, ẹranko tí kò gbà pé iwájú wà.

Ọdún 1974 ló pàdé Zaira ní gbọ̀ngàn ijó tó wà lẹ́bàá odò Panaro, nígbà tí àwọn olórin ń mu omi láàárín ijó méjì.

"Níbo lo ti ń ṣiṣẹ́?" Zaira bi í.

"Níbi tí wọ́n ti ń ṣe Calandra."

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀?"

"Èmi ni mo máa ń mú un jáde."

Bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe kúrò lẹ́nu Vainer, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Bó ṣe wọ etí Zaira ló di nǹkan mìíràn. Zaira rí títì márosẹ̀, ó rí igi ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tó ń sá lọ, ó rí ọkùnrin tó di eyín pọ̀ lórí eré ọ̀ọ́dúnrún kìlómítà. Ó sọ fún ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló ń ta wàrà ní àdúgbò, ìyẹn ni pé gbogbo ìlú ti gbọ́ kí aago mẹ́jọ òwúrọ̀ tó lù.

Vainer pinnu pé òun á là á yé e lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e. Lọ́jọ́ Àìkú náà, Zaira mú àwòrán Kristófà Mímọ́, olùṣọ́ àwọn arìnrìn-àjò, wá, ó fi í sí i lápò àyà, omi sì wà lójú rẹ̀. Ta ló fẹ́ sọ fún ọmọbìnrin tí omi wà lójú rẹ̀ pé ogójì mítà ni ìrìn-àjò náà? Ó sún un síwájú. Wọ́n ṣègbéyàwó, ó tún sún un síwájú. Ní ìrọ̀lẹ́, tí Zaira bá ti ibi tó ti ń ká ẹran sínú ìyẹ̀fun, ìyẹn tortellini, dé, á bi í pé, "Ó sáré gan-an lónìí?" Vainer á ní, "Bíi ti àná náà ni." Kò parọ́ rí. Ó kàn jẹ́ kí òótọ́ jókòó síbi tó wù ú.

Ẹ ó ní kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò tú àṣírí náà. Nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, kò sẹ́ni tí kò gbé ara rẹ̀ ga nílé. Ẹni tó ń de nọ́ọ̀tì táyà ni ọ̀gá àgbà táyà lójú ìyàwó rẹ̀. Ẹni tó ń bu kọfí ti di akọ̀wé. Bí ẹnì kan bá la ẹnu, gbogbo ilé ló máa wó. Learco nìkan ló yàtọ̀. Òun gan-an ló ń dán Calandra wò lójú ọ̀nà, tó ń fi í fò bí ọta ìbọn ní kùtùkùtù. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bí ọmọ kejì, ó búra fún Ebe ìyàwó rẹ̀ pé òun ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, pé gíláàsì iwájú ọkọ̀ lòun ń nù báyìí. Bí ìlú ṣe gbà pé Vainer ni awakọ̀, tí Learco sì jẹ́ anugíláàsì, nìyẹn o. Tí Ebe bá rí Vainer lẹ́yìn ìsìn, á ní, "Ẹ máa rọra o. Gíláàsì tí ọkọ mi nù lẹ fi ń ríran." Vainer á ní òun dúpẹ́, gíláàsì náà ń dán.

Ọdún 1988 ni wọ́n sọ pé Calandra máa kásẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó lọ, àwọn ọ̀gá fẹ́ tún un ṣe dé góńgó, kí àwọn tó bá rà á kẹ́yìn lè mọ ohun tí wọ́n ń pàdánù. Ẹnjiníà Tarasco, ọmọ Turin tó máa ń nu ẹnu kó tó sọ̀rọ̀, ló darí iṣẹ́ náà. Wọ́n la ihò afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tóbi sí i, nítorí ẹ́ńjìnì ń hó bí omitoro ọjọ́ Kérésì. Wọ́n na irin tẹ́ẹ́rẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ gbọọrọ. Kílọ́ọ̀ṣì tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ gun òkè nìkan ló lè tẹ̀ ẹ́, wọ́n mú un rọ̀. Ìjókòó tó dà bíi pátákó ìlọṣọ di àga. Fèrèsé ẹ̀gbẹ́, tó ń sọ̀ kalẹ̀ ní ìka mẹ́ta tẹ́lẹ̀, ń sọ̀ ní ìka mẹ́rin báyìí, wọ́n sì fi gàdàgbà kọ ọ́ sínú ìwé ìpolówó.

Tarasco wá ń bi àwọn òṣìṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan léèrè ohun tí wọn ò fẹ́ nínú ọkọ̀ náà. Ó dé ọ̀dọ̀ Vainer.

"Mi ò fẹ́ràn etí rẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, Ẹnjiníà."

"Kí ni ìdí?"

"Ìdí ni, sà."

"Ìdí rẹ̀ ni mo ní kí o sọ."

"Mo ti sọ ọ́, sà. Ìdí mi ni. Irin ni etí ọkọ̀ yẹn. Nínú òtútù oṣù kìíní ọdún, bí mo bá jókòó sí i, mo máa ń gbàgbé pé mo ní ìdí títí di ọ̀sán."

Àwọn tó wà nítòsí ń wo àjà. Tarasco nu ẹnu rẹ̀, ó tẹjú mọ́ etí ọkọ̀ náà fún ìgbà pípẹ́, ó kọ nǹkan sínú ìwé. Lẹ́yìn oṣù kan, etí ọkọ̀ dé pẹ̀lú awọ àti fóòmù tó nípọn tó ìka méjì, wọ́n rán an ní ìlà ìlà bíi kúbùsù ọmọ tuntun. Gbogbo Calandra mẹ́rìnlélọ́gọ́rin tó kẹ́yìn ló ní in. Láti ìgbà náà, àwọn tó ń kọ̀wé nípa mọ́tò nílùú òkèèrè ti ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Ọ̀kan ní ó ń gba ariwo ẹ́ńjìnì mu, òmíràn ní ó ń tún ìwúwo ọkọ̀ pín. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mẹ́nu ba ìdí.

Calandra tó kẹ́yìn funfun bíi wàrà. Lọ́jọ́ tó jáde, nínú oṣù karùn-ún ọdún 1990, àwọn panẹbítà tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n ṣí fìlà. Vainer jókòó sórí awọ tí wọ́n ṣe nítorí tirẹ̀, ó fi ogójì mítà náà ṣe bí ìrìn ìsìnkú. Ó gba ẹ̀gbẹ́ kànga, ó gba abẹ́ igi, ewé kan já bọ́ sórí ọkọ̀, ó dúró kí ẹnì kan yọ ọ́. Ní géètì ó sọ̀ kalẹ̀, Learco wọlé. Ohùn ẹ́ńjìnì náà gba ọ̀nà odò lọ, wọ́n sì dúró gbọ́ ọ títí kò fi sí ohun tí wọ́n ń gbọ́ mọ́. Ẹnì kan wá béèrè kí ni wọ́n sè. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù pa. Vainer lọ ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe táìlì ilẹ̀, ó ń fi ọkọ̀ agbẹ́rù gbé páálí síwájú àti sẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó bi í nírọ̀lẹ́ bóyá ó sáré.

Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n kọjá. Ebe kú, ọ̀pọ̀ ará ṣọ́ọ̀bù náà kú. Nígbà náà ni lẹ́tà ìjọba ìlú dé ọwọ́ Vainer. Dókítà eyín kan ní Zurich, Aebischer lorúkọ rẹ̀, ló ni Calandra funfun yẹn báyìí. Àwọn tó ní Calandra máa pé jọ sí Castel Frassine, ó sì bi ìjọba ìlú ta ni awakọ̀ tó ń mú un jáde nígbà náà. Ìjọba ìlú kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wádìí. Ṣé Ọ̀gbẹ́ni Bergonzini lè wa ọkọ̀ náà ṣáájú àwọn yòókù láti gbàgede dé orí afárá, kí aya rẹ̀ jókòó tì í?

Zaira ti fi fóònù pe àbúrò rẹ̀ ní Carpi kó tó ka lẹ́tà náà tán.

"Orúnkún mi ńkọ́?" Vainer wí.

"Orúnkún wo? Èyí tó jó lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá ni, àbí o ní òmíràn?"

Ó gba ilé ọtí lọ bá Learco, tó ń to káàdì fún ara rẹ̀.

"Sọ fún un," Learco wí.

"Báwo?"

"Fi ẹnu sọ ọ́."

"Ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta, Learco. Ó máa ní kí ló kù tí mo tún fi pamọ́."

"Tóò, má sọ. Wà á. Tó o bá ti wà á síwájú lẹ́ẹ̀kan, o ti di awakọ̀ nìyẹn."

"Ó máa jókòó tì mí! Ó máa rí ọwọ́ mi. Ó máa rí i pé mi ò mọ ibi tí nǹkan wà."

"Kí lo fẹ́ mọ̀? Fa jíà sí òsì, kó o fà á wálẹ̀. Ìsàlẹ̀ lápá òsì ni jíà kìíní wà. Òkè lápá òsì, níbi tí ọkọ̀ àwọn ọmọlúàbí ń fi jíà kìíní sí, rìfáàsì ló wà níbẹ̀ nínú tiwa."

"Mo mọ ibi tí rìfáàsì wà."

"Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn, Gambero."

Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, Vainer ń fa ṣíbí sí òsì, ó ń fà á wálẹ̀, lórí tábìlì oúnjẹ. Zaira bi í bóyá omitoro náà ò níyọ̀ ni.

Ọjọ́ náà pé. Àwọn ogójì Calandra yòókù dúró ní òpópónà ẹ̀gbẹ́, funfun náà nìkan wà níwájú gbọ̀ngàn ìlú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn onífèrè ìlú tò sí, lẹ́yìn wọn ni wọ́n ti ń din gnocco, àkàrà ìyẹ̀fun wọn, nínú ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn ni àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì. Aebischer gba maíkì, ó fọwọ́ pa etí ọkọ̀. "Ẹ wo awọ yìí," ó wí. "Ọkọ̀ míì ò ní irú ẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀ràn agbègbè Emilia yìí fẹ́ kí ẹwà wà títí dé ibi tí ojú kì í wò." Wáìnì pá Learco lórí. Vainer ń wo bàtà ara rẹ̀.

Zaira fi ìṣẹ́jú mẹ́rin ká ara rẹ̀ wọnú ọkọ̀, pẹ̀lú aṣọ aláwọ̀ búlúù tuntun. Vainer tan ẹ́ńjìnì. Àwọn ìyá àgbà tó wà lábẹ́ òrùlé ìta nu ojú, nítorí ohùn yẹn ló ń jí wọn láàárọ̀ nígbà tí ọmọ wọn ṣì kéré, tí ọkọ wọn sì ṣì wà. Vainer náà gbọ́ ọ, ó sì gbàgbé ọdún tó wà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Ọwọ́ rẹ̀, tí kò bi í léèrè, lọ sí òsì, ó lọ sókè.

Ọkọ̀ náà yọ́ sẹ́yìn.

Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà á tẹ bíréèkì. Vainer kò tilẹ̀ rò ó. Ilẹ̀kùn ti gòkè, ó ti wà lórí awọ, orí rẹ̀ ti wà níta. Àwọn onífèrè tú ká bí ẹyẹlé. Ó gba àárín ọkùnrin onífèrè ńlá àti agbada ọ̀rá gbígbóná kọjá, àyè tó ṣẹ́ kù lápá méjèèjì kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó yí i díẹ̀, ó gbé ìdí ọkọ̀ náà jókòó síwájú àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì láìfara kan òkúta. Pàtẹ́wọ́ bú jáde ní gbàgede. Wọ́n rò pé eré ìṣáájú ni.

Zaira nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó ń wo ojú ọkọ rẹ̀. Kò rí ojú yẹn rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti jọ ń gbé: ojú ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ rẹ̀.

"Vainer."

"Hẹn."

"Ìyẹn kì í ṣe àṣìṣe."

"Àṣìṣe ni. Ọwọ́ mi ló ṣì."

"Ọwọ́ rẹ ṣì. Gbogbo ara tó kù ò ṣì. Wọ́n mọ̀nà." Ó gbé àpamọ́wọ́ rẹ̀ lé itan. "Ẹ̀ẹ̀mélòó lo ti wa nǹkan yìí lọ síwájú?"

Ó ṣeé ṣe kó tún sún un síwájú. Níta, olórí ìlú ń juwọ́ sí wọn pé kí wọ́n máa bọ̀.

"Mi ò wà á síwájú rí, Zaira. Ẹ̀yìn ni. Láti ṣọ́ọ̀bù dé géètì. Learco ló ń gbà á níbẹ̀."

"Learco anugíláàsì?"

"Kò nu gíláàsì rí."

Zaira wo àwọn onífèrè bí wọ́n ṣe ń tò padà. "Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi ń tan àbẹ́là nítorí rẹ," ó wí níkẹyìn. "Mi ò kì í sùn tí òjò bá ń rọ̀."

"Mo mọ̀."

"O mọ̀." Ó kọjú síwájú. "Wà á lọ. Àwọn èèyàn ń wò wá."

Vainer fa jíà sí òsì, ó fà á wálẹ̀. Wọ́n lọ dé orí afárá, wọ́n sì padà, eré ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń sá. Zaira le gbagidi lórí ìjókòó, bí ẹni tó ń dúró de dókítà eyín, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí òótọ́, nítorí dókítà eyín náà ń dúró dè wọ́n ní gbàgede pẹ̀lú maíkì.

"Signora! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá irú awakọ̀ báyìí gbé, ẹ sọ fún wa, báwo ló ṣe rí?"

Zaira gba maíkì. Orúkọ tí Vainer ń jẹ́ ní ìlú yẹn wà lẹ́nu rẹ̀, ó lè gbé e mì tàbí kó tu ú. Vainer kò gbójú sókè.

"Ọkọ mi ò wa ọkọ̀ yìí síwájú rí láyé rẹ̀, àfi lónìí," Zaira wí. "Ẹ̀yìn nìkan ló máa ń wà á sí. Ẹni tó ń wà á síwájú ni Learco Tondelli tó jókòó síbẹ̀ yẹn, tó ń ṣe bí ẹni tó ń jẹun."

Ẹ̀rín gba gbàgede kan. Olórí ìlú di ẹ̀gbẹ́ mú. Aebischer túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún àwọn ará Zurich, àwọn náà rẹ́rìn-ín nígbà tó kàn wọ́n. Learco dìde, ó lu àyà, ó ní òótọ́ ni, Ọlọ́run ń gbọ́. Ẹnì kan ké pé kó wá nu gíláàsì. Vainer fúnra rẹ̀ gba maíkì. "Òótọ́ ni," ó wí. "Ogójì mítà péré ni." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àbúrò Zaira láti Carpi sọ fún ẹni tó jókòó tì í pé irú ìrẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ò sí mọ́ láyé òde òní.

Nígbà tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé, Zaira kò yà sí ọ̀nà ilé. Ó gba ibi tí ṣọ́ọ̀bù wà tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ti sọ di ibi tí àwọn tó wá rajà ń gbé ọkọ̀ sí. Ọjọ́ Àìkú ni, ibẹ̀ ṣófo. Wọ́n ti dí kànga, wọ́n ti gé igi.

"Níbo ni ilẹ̀kùn wà?"

Vainer wá a, ó fi ẹsẹ̀ sàmì sí i. Zaira dúró sórí àmì náà, ó kẹ̀yìn sí ibi tí géètì wà, ó gbé àpamọ́wọ́ sí apá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn.

"Òsì díẹ̀," Vainer wí, ó ń tẹ̀ lé e. "Díẹ̀ sí i. Igi nìyẹn. Ó tó. Kànga ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ báyìí. Rọra."

"Mo ń rọra."

"O ò rọra. Ká ní ọkọ̀ ni ọ́, wọ́n á ní láti tún ọ kùn ní ọ̀dà."

Ó rìn ín dé òpin, ó mí kanlẹ̀, ó gbójú sókè wo ibi tó ti wá.

"Ó jìn ju bí mo ṣe rò lọ," ó wí.

"Nínú kùrukùru ló máa ń jìn jù."

Zaira tún wò ó fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tún aṣọ búlúù rẹ̀ ṣe, wọ́n kọjú sí ilé, òun ló sì ṣíwájú.